Ọjọ́ Tí 5 Di 7.5

Bí wọ́n bá bi mí pé kí ni mo fẹ́ràn jù nínú iṣẹ́ kóòdù kíkọ, n kò ní dárúkọ ohun tuntun kankan. Wíwá ohun àtijọ́ ni. Kí ọ̀kan nínú àwọn àbúrò tó wà lọ́fíìsì ṣáà ti ní, "Ẹ̀gbọ́n, báwo ni fáìlì yìí ṣe rí lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn?", ara mi á yá gágá.

Git ni mo fi ń ṣe é, irinṣẹ́ tí Linus Torvalds gbé jáde lọ́dún 2005. Gbogbo àtúnṣe tí a bá fi pamọ́ sínú rẹ̀, tí àwa ń pè ní commit, ló ń gbé orúkọ ẹni tó ṣe é, ọjọ́ àti aago dání.

Ẹ gbọ́ ọ̀kan. Ní January 13, 2020 ni Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tó gbé VAT kúrò ní 5 nínú ọgọ́rùn-ún sí 7.5. February 1 ló bẹ̀rẹ̀; ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé. Lẹ́yìn ìgbà náà, akáńtáǹtì kan tó ń yẹ ìwé ilé ìtajà kan tó ń lo kóòdù wa wò gòkè wá bá wa ní Ojúẹlẹ́gbà, níbi tí ohùn àwọn kọ̀ndọ́ tó ń pe Stadium àti Bárékè kì í ti í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Ó fẹ́ mọ ọjọ́ tí rìsíìtì wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gba iye tuntun. Mo tẹ:

git rev-list -1 --before="2020-02-01 00:00" main

Git fún mi ní commit tó gbẹ̀yìn kí ọjọ́ náà tó bẹ̀rẹ̀. Mo ṣí fáìlì bó ṣe rí nígbà yẹn: 0.05 wà níbẹ̀ gbagidi. Mo wá fi git log -S "0.075" wá ibi tí iye tuntun ti wọlé. February 3, àárọ̀ Mọ́ńdè.

Ṣé ẹ rí 00:00 yẹn? Ẹni tó bá kọ ọjọ́ nìkan, Git á fi aago tó ń lù lọ́wọ́lọ́wọ́ kún un fún un. Bó bá jẹ́ aago mẹ́ta ọ̀sán lẹ béèrè, aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló máa fi ṣe ààlà. Ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ni kò mọ èyí. Ọjọ́ méjì sì ni commit kọ̀ọ̀kan ní: ọjọ́ tí wọ́n kọ iṣẹ́ náà, àti ọjọ́ tó bọ́ sí ààyè tó wà báyìí. Bí ẹnì kan bá ṣe rebase, ìyẹn kó tún commit tò sórí òmíràn, èkejì á yí padà, òun gan-an ni --before àti --since sì ń wò. Mo máa ń fi --format=fuller wo méjèèjì kí n tó la ẹnu.

Aago ẹ̀rọ náà ńkọ́? Bátìrì inú kọ̀ǹpútà àtijọ́ a máa kú, ọjọ́ rẹ̀ a sì ta padà sẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Git kì í jiyàn. Ohun tí ẹ̀rọ bá sọ ló ń kọ. Àtòní ni --since ti ń rìn padà sẹ́yìn. Bó bá kan irú commit bẹ́ẹ̀, ó lè gbà pé òun ti kọjá ààlà, kó dúró síbẹ̀. Lọ́dún 2022 ni wọ́n fi --since-as-filter kún un, èyí tó ń yẹ gbogbo wọn wò láìdúró. Ó pẹ́ kó tó dé, lójú tèmi.

"Ṣé Mọ́ńdè ni rìsíìtì yí padà nìyẹn?" ni akáńtáǹtì bi mí.

Mo ní rárá o, ìgbà tí a kọ ọ́ nìyẹn. Ìgbà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn kaṣíà, àkọsílẹ̀ server ló mọ̀ ọ́n. A ṣí ìyẹn náà: aago méjì ọ̀sán Mọ́ńdè. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò ọjà Sátidé, Sọ́ńdè àti ààbọ̀ Mọ́ńdè.