Ẹ̀bi Fẹ́mi Ni, àbí ti Araromire?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí bẹ̀rẹ̀ ní yàrá abẹ́ ilé ọ̀kan nínú wa ní Suitland. A kó ara wa jọ síbẹ̀ ní alẹ́ Sátidé kan, tàgbà tèwe, láti wo The Figurine, fíìmù tí Kúnlé Afọláyan gbé jáde ní 2009. A ti jẹun tán, a ti pa iná, àwọn ìyá ti jókòó. Ìgbà tí fíìmù náà parí ni àríyànjiyàn bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà ní òrìṣà ló ṣe é. Àwọn ọmọ ní rárá o, Fẹ́mi ni. Bàbá kan tilẹ̀ bínú, ó ní ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà ni kò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ohun tí ó wà níwájú wọn. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, dá a lóhùn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, “Dádì, ẹ ò wò ó. Ẹ kàn ń gbọ́ ọ ni.”

Gbólóhùn yẹn dùn wá, nítorí pé òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Àwa tí a fi fíìmù fídíò dàgbà nílé ní àwọn ọdún 1990, etí ni a fi ń wo fíìmù. Orí ìtàgé ni ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà náà ti wá. Kámẹ́rà a dúró gbọnin níwájú wọn bí ẹni tí ó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a ó rí gbogbo wọn láti orí dé ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni yóò sì sọ ibi tí ìtàn ń lọ. Bí ìyàwó kékeré bá fẹ́ bu májèlé sí ọbẹ̀, yóò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ara rẹ̀ sókè ketekete. Ènìyàn lè kọ̀yìn sí tẹlifíṣọ̀n kí ó máa ṣa ẹ̀fọ́, kò ní pàdánù nǹkan kan.

A kò fi èyí bú ẹnikẹ́ni. Kí olùwòran mọ ohun tí ń bọ̀ kí ó tó dé, ọgbọ́n ni òun náà. Nígbà tí Alfred Hitchcock ń bá François Truffaut sọ̀rọ̀ ní 1962, ó fi bọ́ǹbù ṣe àpẹẹrẹ: bí bọ́ǹbù bá dún lábẹ́ tábìlì láìròtẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ìjayà rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, odindi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni àyà wa yóò fi máa já. Túndé Kèlání mọ ọgbọ́n yìí. Ayàwòrán ni kí ó tó di olùdarí, London Film School ni ó sì ti kọ́ṣẹ́. Nínú Ṣaworoidẹ (1999), tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ ìtàn rẹ̀, gbogbo wa ti mọ ohun tí ìlù náà yóò ṣe fún ẹni tí ó dé adé láìbúra. Nítorí náà, nígbà tí ológun tí ó fi ìbọn gba ìtẹ́ dé adé jókòó, adé yẹn gan-an ni bọ́ǹbù.

Ọgbọ́n kejì ni kí a fi nǹkan pamọ́, èyí sì le jù. Ìwé yóò kọ́ni pé bí kámẹ́rà bá wo ènìyàn láti ìsàlẹ̀, onítọ̀hún di alágbára. Bí ó bá wò ó láti òkè, ó di eèrà. Ó rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ tún Psycho (1960) wò, ibi tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ti ń gun àtẹ̀gùn ilé Norman. Lójijì kámẹ́rà fò lọ sí òkè àjà. Láti ibẹ̀ ni a ti rí ìyá arúgbó tí ó yọ sí i pẹ̀lú ọ̀bẹ. Ó dà bí ẹni pé a rí gbogbo rẹ̀ kedere, a kò sì mọ̀ pé ojú ìyá náà ni kò jẹ́ kí a rí. Bí Hitchcock bá ti ẹ̀yìn ya ìyá náà, a ó fura pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Ó gbé wa ga tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé kò sí ohun tí ó pamọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà ló sọ kámẹ́rà kalẹ̀ sí ojú ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà, tí ẹ̀jẹ̀ wà, tí ó kún gbogbo àwòrán, a kò sì ráyè ronú mọ́. Iṣẹ́ ìṣirò owó ni a ń jẹ, a sì mọ irú ọgbọ́n yìí dáadáa: ẹni tí ó bá tètè kó gbogbo ìwé owó síwájú rẹ láìbéèrè, wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí The Figurine. Kúnlé, ọmọ Adé Love, wà nínú Ṣaworoidẹ fúnra rẹ̀. Òun ni Arẹ́sẹ̀jábàtà. Nínú fíìmù tirẹ̀ yìí, tí Yinka Edward yà, àgùnbánirọ̀ méjì, Ṣọlá àti Fẹ́mi, rí ère Araromire nínú ojúbọ ahoro kan nínú igbó, Ṣọlá sì gbé e lọ. Ọdún méje ire, lẹ́yìn náà ọdún méje ibi. Kámẹ́rà a máa sún mọ́ ojú ère yẹn bí ẹni pé ènìyàn ni. Igi kò ní èrò, ṣùgbọ́n bí o bá tẹjú mọ́ ojú igi fún ìgbà pípẹ́, ìwọ fúnra rẹ ni yóò fi èrò sí i nínú. Ibẹ̀ ni àwọn àgbà wa ti rí òrìṣà.

Àwọn ọmọ wa kò mọ ohun tí à ń pè ní ojúbọ. Fẹ́mi ni wọ́n ń wò, Ramsey Nouah, bí ojú rẹ̀ kì í ṣe í kúrò lára Mona, ìyàwó ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ti dá a lẹ́jọ́ tipẹ́ kí fíìmù náà tó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wá. Olùdarí kan náà ló fi ẹ̀rí méjèèjì sílẹ̀, ó sì mọ̀ pé ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò mú èyí tí ó ti gbé wá láti ilé. Níbi tí fíìmù ti ń parí, àlàyé pọ̀ ju bí àwa ṣe fẹ́ lọ. Síbẹ̀, ìbéèrè kan ṣẹ́kù tí àwọn ọmọ kò lè dáhùn: bí Fẹ́mi bá ló ni ibi, ta ló ni ọdún méje ire? Ìyá kan ló bi wọ́n, gbogbo wọn sì dákẹ́.

Nígbà tí a ń kó àga, bàbá tí ó bínú lẹ́ẹ̀kan gba rìmóòtù lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ní kí àwọn tí ó ń lọ máa lọ, òun fẹ́ tún un wò láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ọmọ náà wá jókòó ti òun.