Ta Ni Ẹ̀kú Tọ́ Sí? Orin, Ara Obìnrin àti Òṣùwọ̀n Méjì Àwọn Olólùfẹ́

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Tiwa Savage sọ fún Angie Martinez lórí rédíò ní New York pé fídíò ìkọ̀kọ̀ kan, èyí tó ṣàfihàn òun àti ẹni tí òun ń fẹ́, ti bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi í gbowó lọ́wọ́ òun. Ó ní òun kò ní san án, torí ẹni tó bá gbowó lónìí yóò tún padà wá, àti pé ohun àdánidá ni òun ṣe. Kí oṣù náà tó parí, fídíò ọ̀hún ti dé orí fóònù àìmọye ènìyàn. Nígbà tó di oṣù kejì ọdún 2022, irú fídíò bẹ́ẹ̀ tí Oxlade wà nínú rẹ̀ gba orí ayélujára, òun náà sì kọ̀wé síta láti tọrọ àforíjì. Bí a bá yọ orúkọ kúrò nínú ìṣẹ̀lẹ̀ méjèèjì, ọ̀kan náà ni wọ́n: olórin tí ayé mọ̀, yàrá tí kò yẹ kí àlejò wọ̀, ojú tó rí ohun tí kò kàn án. Ariwo tó tẹ̀lé wọn ni kò jọra. Orin tí Tiwa kọ pẹ̀lú Brandy lọ́dún yẹn gan-an, “Somebody's Son”, orin obìnrin tó ń retí ẹni tí yóò fẹ́ràn òun, ni wọ́n sọ di pàṣán tí wọ́n fi ń nà án. Ní ti Oxlade, àwàdà pọ̀, ìyìn sì wà nínú àwàdà náà. Àwọn kan ń kan sáárá sí agbára ìbàdí rẹ̀ bí ẹní ń kan sáárá sí ohùn rẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, “Ku Lo Sa” jáde, ó ràn kárí ayé, fídíò ìkọ̀kọ̀ náà kò sì dí i lọ́nà. Obìnrin tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kò rí irú ìyìn bẹ́ẹ̀ gbà.

Àlàyé tó yá lẹ́nu jù ni pé àgàbàgebè ni. N kò kọ àlàyé yẹn, ṣùgbọ́n kò tó. Ó gbà pé ohun kan náà ni àwọn olólùfẹ́ rí, tí wọ́n kàn wá fi òṣùwọ̀n méjì wọ̀n ọ́n. Èrò tèmi ni pé kí ìdájọ́ tó bẹ̀rẹ̀ rárá ni ọ̀nà ti yà, láti ibi etí. Etí tí a fi ń gbọ́ olórin ọkùnrin máa ń fún un ní ẹ̀kú. Ohun tó bá kọ, orin ni. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ nínú orin náà kì í ṣe òun gan-an, ẹni tó gbé wọ̀ fún ìwọ̀nba àkókò ni. Olórin obìnrin ni a kì í fún ní ẹ̀kú yìí. Ohun tó bá kọ, ẹ̀rí ni a kà á sí, ẹ̀rí tó fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́ lòdì sí ara rẹ̀. Ó wá burú débi pé ìṣe ọkùnrin ní kọ̀rọ̀ lè di eré tí a ń pàtẹ́wọ́ sí, nígbà tí eré obìnrin ní gbangba ń di ìṣe tí a fi ń mú un. Bí a bá gbà bẹ́ẹ̀, a ó rí i pé kì í ṣe ìwà ọmọlúàbí nìkan ni òṣùwọ̀n méjì yìí ń bàjẹ́. Ó ń ba lámèyítọ́ jẹ́, nítorí kò jẹ́ ká gbọ́ orin.

Ẹ jẹ́ ká gbé Obesere àti Saint Janet sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, torí èdè kan náà ni wọ́n fi ń kọrin, òde àríyá kan náà ni wọ́n sì ti ń jẹun. Abass Akande Obesere fi fújì tó ń sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ láìfi bò di ìlúmọ̀ọ́ká. Àwọn kan bínú sí i, wọ́n ní àṣàkàṣà ni. Ó gba orúkọ náà, ó gbé e wọ̀ bí oyè, ó sì di orúkọ irú fújì tó ń lù. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ lè jókòó láti àárọ̀ dalẹ́ kí wọ́n máa sọ bó ṣe ń dá àṣà, bó ṣe ń fi ẹ̀dà ọ̀rọ̀ yí ìtumọ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń bá onílù ṣeré. Lámèyítọ́ ni wọ́n ń ṣe yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Saint Janet wá ń ṣe ohun tó jọ ọ́ lóde fàájì, ó sì fi kún un: ó fi “ẹni mímọ́” ṣe orúkọ, ó wá ń sọ ohun tí a kì í gbọ́ lẹ́nu ẹni mímọ́. Ìtakora yẹn ni iṣẹ́ ọnà rẹ̀. Ẹ̀kú tí kò fara pamọ́ rárá ni, ó hàn láti orúkọ. Síbẹ̀, ohun tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ ni pé irú obìnrin wo nìyí, ṣé ó lọ́kọ, kí ni ọkọ rẹ̀ ń wí, ṣọ́ọ̀ṣì wo ló ń gba irú rẹ̀ láyè. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni sọ fún wa bóyá orin náà gbọ́n tàbí kò gbọ́n.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn àgbà olórin nìkan. Nígbà tí Naira Marley gbé “Soapy” jáde ní 2019, tí ijó rẹ̀ ń dójú ti ọ̀pọ̀ òbí, ó ní ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àhámọ́ ni òun ń ṣàfihàn. Àwọn olólùfẹ́ rẹ̀, tí à ń pè ní Marlian, gba àlàyé náà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó di akọ̀ròyìn ẹ̀wọ̀n lójú wọn. Ẹ fi èyí wé Ayra Starr, tí wọ́n bí ní Kútọnu, tí “Rush” rẹ̀ wà lára orin márùn-ún tí wọ́n yàn nígbà àkọ́kọ́ tí Grammy dá ẹ̀ka sílẹ̀ fún orin Áfíríkà. Síkẹ́ẹ̀tì ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn. Wọ́n ń wọn gígùn rẹ̀, wọ́n ń fi mọ irú ẹni tí yóò jẹ́ lọ́la. Orin tó sọ nípa ìlépa àti àṣeyọrí ni “Rush”, kò sí ìhòòhò nínú rẹ̀. Síbẹ̀ aṣọ ni wọ́n fi etí gbọ́.

Ọ̀rọ̀ Fela ni ibi tí òṣùwọ̀n méjì yìí ti hàn kedere jù. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejì ọdún 1978, ọdún kan lẹ́yìn tí àwọn sójà jó ilé rẹ̀, Kalakuta, ó gbé obìnrin 27 níyàwó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Kí ọjọ́ náà tó dé ni ìlú ti ń pe àwọn obìnrin wọ̀nyí ní aṣẹ́wó, tí wọ́n ń sọ pé ọmọ tó sá nílé ni wọ́n, pé igbó ló gbà wọ́n lọ́kàn. Akọrin àti oníjó ni púpọ̀ nínú wọn. Ẹni tó bá fetí sí àwo Fela yóò gbọ́ pé láìsí ègbè àwọn obìnrin, ìdajì orin náà yóò wó: wọn ló ń dáhùn, wọn ló ń fi ẹ̀gàn gún ọ̀rọ̀ ìjọba lára, wọn ló ń dá Fela dúró nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti gùn jù. Ṣùgbọ́n bí àwọn olólùfẹ́ ṣe pín iṣẹ́ náà ni pé yàrá Fela di ìmọ̀ ìṣèlú. Àwọn ìyàwó 27 di àpẹẹrẹ bó ṣe kọ ìsìn òyìnbó, pátá tó fi ń gba àlejò di àmì òmìnira, a sì ń kọ ìwé lé e lórí. Ohùn àwọn obìnrin náà, tí ó jẹ́ iṣẹ́ ọnà gidi, ni wọ́n sọ di ẹ̀rí ìṣekúṣe. Carlos Moore fọ̀rọ̀ wá àwọn kan lára wọn lẹ́nu wò nínú ìwé rẹ̀ lórí Fela tó jáde ní 1982, ó sì di 2017 kí Bolanle Austen-Peters tó gbé eré orin kan kalẹ̀ ní Èkó tó fi wọ́n síwájú. Láàárín méjèèjì, ẹ wo iye ọdún tí a fi gbọ́ ègbè wọn láìbéèrè pé ta ló ń gbè é.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà Yorùbá ló fa èyí, pé obìnrin kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ wa. Ẹ̀rí kò gbè wọ́n. Ní Kétu àti ilẹ̀ Yewa, Ẹ̀fẹ̀ máa ń jáde lóru kó tó di ọjọ́ Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ó ń bú onílé, ó ń bú àlejò, ó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí ẹní ẹlòmíràn, ilẹ̀ á sì mọ́ láìsí ẹni tó mú un. Mo gbà pé ọkùnrin ló ń gbé Ẹ̀fẹ̀ wọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìyá ni wọ́n ń fi í júbà. Irúgbìn ojúsàájú lè wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ dé Ìbàdàn lọ́jọ́ ọdún Òkèbàdàn. Tọkùnrin tobìnrin, tọmọdé tàgbà ló ń dárúkọ ohun tó wà lábẹ́ aṣọ ní gbangba, orin ni wọ́n sì fi ń dárúkọ rẹ̀. Ìyálé ilé tó kọ ọ́ lówùúrọ̀ ń padà sídìí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ kejì pẹ̀lú iyì rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé ẹnu tó ń kọrin kì í ṣe ẹnu tó ń jẹ́wọ́. Bí ó bá sì jẹ́ àṣà Yorùbá ni orísun ẹ̀gàn yìí, kí ló gbé e dé Houston? Níbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 2004, lórí pèpéle Super Bowl, ọwọ́ Justin Timberlake ló fa aṣọ Janet Jackson já níwájú ogunlọ́gọ̀. Lọ́sẹ̀ kan lẹ́yìn náà, Timberlake lọ síbi Grammy, ó gba àmì ẹ̀yẹ méjì; Janet kò sí níbẹ̀. Ní 2018 wọ́n tún pe ọkùnrin náà padà sórí pèpéle Super Bowl.

Àtakò tó lágbára jù ni pé àwọn obìnrin wọ̀nyí ló fi ara wọn pàtẹ, wọ́n ń fi ara ta orin, wọn kò sì gbọ́dọ̀ bínú bí ọjà bá yí padà. Ṣùgbọ́n oníṣòwò aṣọ tó fi aṣọ kọ́ síwájú ìsọ̀ kò torí bẹ́ẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sílẹ̀. Ohun tí Tiwa ń fi hàn nínú fídíò orin, ó yàn án, ó wọn ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, ó san owó rẹ̀. Ohun tí wọ́n jí, kò yàn án. Ẹni tó ní méjèèjì kò yàtọ̀ ti sọ pé obìnrin kò lè yan nǹkan kan. Salawa Abeni lóye èyí ju àwọn tó ń ṣe àlàyé lọ. Ọdún 1976 ló ti wọ iṣẹ́ wákà, Aláàfin Lamidi Adeyemi fi í jẹ ọba obìnrin wákà ní 1992. Nígbà tí ẹnì kan fẹ́ fi àwòrán ìhòòhò rẹ̀ gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ ní 2020, òun fúnra rẹ̀ ló gbé àwòrán náà síta. Lójú tèmi, kì í ṣe ìbínú lásán ni. Ó gba ipò olùṣàfihàn padà lọ́wọ́ olè. Ohun tí wọ́n fẹ́ lò bí ẹ̀rí, ó sọ ọ́ di ohun tí òun yàn láti fi hàn. Àánú tó rí gbà dára, ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí pé “ìyá wa” ni wọ́n ń pè é bí wọ́n ṣe ń káàánú rẹ̀. Ìyá ni Tiwa náà. Fún òun, jíjẹ́ ìyá ló di ẹ̀sùn kejì: kí ni ọmọ rẹ̀ yóò rò? Àwọn ọmọ Wizkid àti ti Davido, tí ìyá wọn ju ẹyọ kan lọ, kò sí ẹni tó ń fi wọ́n wọn orin baba wọn.

Òtítọ́ ni pé obìnrin pọ̀ nínú àwọn tó ń sọ̀kò ọ̀rọ̀. Èyí kò yí àríyànjiyàn mi padà, torí ọ̀nà ìgbọ́rọ̀ ni mo ń sọ, kì í ṣe ẹ̀yà ara ẹni tó ń gbọ́. Obìnrin tó bá pe Tiwa ní olóṣó ń wá ibi tí òkò kò ti ní ba òun.

Kò wá túmọ̀ sí pé a kò gbọ́dọ̀ bá orin tó sọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ wí. Nígbà tí Olamide gbé “Story for the Gods” jáde ní 2014, àwọn kan fi ẹ̀sùn kàn án pé orin náà ń fọwọ́ sí fífi ipá bá obìnrin lò. Wọ́n tọ́ka sí ọ̀rọ̀ inú orin, wọ́n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń kọ́ ọmọkùnrin, wọ́n sọ ìdí tó fi léwu. Wọn kò bèèrè irú ọmọ tí ìyá Olamide bí, wọn kò wọn ṣòkòtò rẹ̀, wọn kò wá yàrá rẹ̀ kiri. Orin ni wọ́n bá jà, wọ́n sì bá a jà kíkankíkan. Saint Janet tọ́ sí irú ìjà bẹ́ẹ̀, kí a gbọ́ ohun tó kọ, kí a sọ ibi tó ti dùn, kí a sọ ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó, kí ó sì lè fèsì gẹ́gẹ́ bí olórin.