Tábìlì Oúnjẹ Alẹ́ ní Bwari

Bwari kì í ṣe ìlú ńlá. Ìlú àwọn Gbagyi ni, ní agbègbè olú-ìlú Nàìjíríà. Láti ọdún 1997 tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin ti Nàìjíríà ti gbé olú ilé rẹ̀ kúrò ní Èkó lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọmọ tó gboyè òfin ní Ifẹ̀, Zaria, Nsukka àti ibòmíràn ni wọ́n ti kó jọ síbẹ̀, nínú aṣọ dúdú àti funfun, kí wọ́n tó di agbẹjọ́rò. Ọmọ Yorùbá tó bá dé ọjà ìlú náà kì í pẹ́ mọ “Nawa ne?” tí Hausa fi ń bèèrè iye ọjà. Ọjà tètè kọ́ ọ ní ohun tí kíláàsì kò kọ́ ọ.

Nínú àṣà ilé-ẹ̀kọ́ náà, oúnjẹ alẹ́ ni ó yẹ kí lámèyítọ́ kọ́kọ́ tú wò. Dandan ni kí akẹ́kọ̀ọ́ jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí wọ́n tó gbà á wọ iṣẹ́. Wọn a dìde bí àwọn àgbà amòfin bá ń wọlé, wọn a sì fi ọ̀bẹ àti fọ́ọ̀kì jẹun bí ìlànà ṣe là á sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ amòfin ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àṣà yìí ti wá, níbi tí Christopher Sapara Williams ti di amòfin ní 1879. Ìgbìmọ̀ Unsworth dámọ̀ràn ní 1959 pé kí Nàìjíríà máa kọ́ amòfin tirẹ̀. Wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1962. Ẹ̀kọ́ wálé, tábìlì Lọ́ńdọ̀nù sì bá a wálé.

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oúnjẹ náà ṣe yẹ̀yẹ́. Yorùbá pàápàá mọ̀ pé ìdí àwo ni ọmọdé ti ń kọ́ ìwà: ta ni yóò bu omi ìṣanwọ́, ta ni yóò kọ́kọ́ mú ẹran. Àléébù rẹ̀ ni pé wọ́n ń yẹ ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, wọn kò yẹ etí rẹ̀ wò. Nínú iṣẹ́ márùn-ún tí wọ́n fi ń dán akẹ́kọ̀ọ́ wò níkẹyìn, kò sí èyí tó dá dúró fún ọ̀rọ̀ ògbufọ̀.

Bí ìyá àgbà kan bá dúró níwájú adájọ́ lórí ẹjọ́ ilẹ̀, tí lọ́yà bi í pé, “Mà, báwo ni ilẹ̀ yìí ṣe dé ọwọ́ wọn?” tí ìyá sì dáhùn pé, “Bàbá wa ló fún wọn, ọmọ mi,” kí ni ó sọ? “Fún” lè jẹ́ ẹ̀bùn pátápátá. Ó sì lè jẹ́ pé kí wọ́n máa dáko níbẹ̀, kí wọ́n máa san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, kí ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀. Bí lọ́yà kò bá bèèrè ìṣákọ́lẹ̀, ilẹ̀ ìdílé lè tipa ọ̀rọ̀-ìṣe onísílébù kan lọ. “Gbà” tún le jù ú lọ: ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ bàbá lè gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì lè fi ipá gbà á. “Ó” kò sì sọ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Gẹ̀ẹ́sì yóò fi dandan mú ògbufọ̀ yan ọ̀kan. Ohun tí adájọ́ bá kọ sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì ni ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yóò kà. Ohùn ìyá kì í bá ìwé lọ síbẹ̀.

Lóòótọ́, abala 36 nínú ìwé òfin 1999 fún ẹni tó ń jẹ́jọ́ ọ̀ràn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ láìsanwó bí kò bá gbọ́ èdè ilé-ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ agbẹjọ́rò láti mọ ìgbà tó yẹ kó dìde sọ pé ìtumọ̀ kò pé?

Ní oṣù Kejìlá 2017, wọn kò jẹ́ kí Amasa Firdaus wọ ibi ayẹyẹ ìgbàwọlé amòfin nítorí híjáàbù tó wà lábẹ́ wíìgì rẹ̀; oṣù Keje 2018 ni wọ́n tó gbà á. Ariwo pọ̀ lórí aṣọ orí. Lórí ahọ́n, ó pa rọ́rọ́.

Tábìlì náà ṣì lè wúlò. Bí wọ́n bá fi alẹ́ kan nínú mẹ́ta gbọ́ ẹjọ́ àfiṣeré ní Hausa, Ígbò tàbí Yorùbá, tàbí ní Gbagyi tí àwọn onílé ń sọ lẹ́yìn ògiri, tí akẹ́kọ̀ọ́ kan ń ṣe ògbufọ̀, àwọn àgbà amòfin lè wo ìtumọ̀ rẹ̀ fínnífínní bí wọ́n ṣe ń wo bó ṣe di ọ̀bẹ mú.