Ìmọ̀ ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́: bí a ṣe ń ṣi The Matrix wò

Lọ́jọ́ Àìkú kan, ní ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìsọlọ̀ níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó wàásù fi fíìmù The Matrix ṣe àpèjúwe Jésù. Ìjọ pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́, torí ọmọ náà mọ ọ̀rọ̀ sọ. Nígbà tó yá ló kọjú sí àwa àgbà, ó ní a ṣì ń sùn. Ìyá rẹ̀, tó ń ta aṣọ ní Òṣòdì, jókòó síwájú mi. Ńṣe ló doríkodò. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Kì í ṣe pé ọmọ náà ò rí nǹkan kan o. Fíìmù tí àwọn Wachowski gbé jáde ní 1999 yìí kún fún orúkọ inú Bíbélì. Trinity lorúkọ obìnrin inú rẹ̀, Mẹ́talọ́kan nìyẹn. Síónì ni ìlú tó kù fún ọmọ ènìyàn. Nebukadinésárì, ọba tó lá àlá tó ń wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ wọn. Akọni wọn kú, ó sì jíǹde. Cypher dalẹ̀ wọn bíi Júdásì, níbi tó ti ń jẹ ẹran tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹran.

Ṣùgbọ́n orúkọ lásán nìyẹn. Kí ló ń gba ènìyàn là nínú fíìmù náà? Kì í ṣe oore-ọ̀fẹ́. Kéèyàn jí ni, kó mọ̀ pé ẹ̀tàn ni ayé tí òun ń fọwọ́ kàn. Ní ọ̀rúndún kejì, Valentinus àti àwọn mìíràn ti kọ́ni ní ohun tó jọ èyí. Gnostic là ń pè wọ́n, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó túmọ̀ sí ìmọ̀. Ní 1945, wọ́n hú ìwé tó jẹ mọ́ wọn jáde nítòsí Nag Hammadi ní Íjíbítì. Nínú díẹ̀ lára wọn, ẹni tó dá ayé kì í ṣe Ọlọ́run gan-an. Ẹ̀dá kan ni tó rò pé òun nìkan ló wà. Òun ni mo rí nínú fíìmù kejì, 2003, nígbà tí Architect jókòó sórí àga pẹ̀lú irùngbọ̀n funfun.

Èdè wa ò jẹ́ ká da méjèèjì pọ̀. Nínú ìwé tí Barry Hallen àti J. Olubi Sodipo gbé jáde ní 1986, wọ́n ṣàlàyé pé ohun téèyàn fojú ara rẹ̀ rí ni Yorùbá ń pè ní ìmọ̀. Èyí tá a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn tá a sì gbà, ìgbàgbọ́ nìyẹn: gbà àti gbọ́. Morpheus ní àfi kí Neo fojú ara rẹ̀ rí Matrix, ló bá na hóró oògùn sí i, pupa kan, búlúù kan. Ìmọ̀ nìyẹn, àbí? Morpheus fúnra rẹ̀ ni onígbàgbọ́ ibẹ̀, torí ó gba ọ̀rọ̀ Oracle gbọ́. Ká ní èmi ni oníwàásù, òun ni mi ò bá mú.

Ibi tó dùn mí nìyí: kí ni ẹni tó jí ń ṣe fún ẹni tó ń sùn? Ẹ wo ibi tí Neo àti Trinity ti lọ gba Morpheus sílẹ̀. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n ń yìnbọn pa lẹ́nu ọ̀nà kì í ṣe ẹ̀rọ o. Ènìyàn tó ń sùn ni wọ́n, ọmọ ẹlòmíràn. Fíìmù náà ò ṣọ̀fọ̀ wọn. Orin ló ń dún kíkankíkan.

Wọ́n á ní àwa náà ń sọ pé ayé lọjà, ọ̀run nilé. Ẹ jọ̀ọ́, ọjà kì í ṣe àlá. Gbèsè téèyàn bá jẹ níbẹ̀, gbèsè ni. Aṣọ tí obìnrin yẹn ń tà ní Òṣòdì ló fi rán ọmọ rẹ̀ níléèwé.

Ní 2010, Niyi Akinmolayan ṣe Kajola, nípa Èkó ọdún 2059, níbi tí àwọn olówó ti kó lọ sí Erékùṣù tí wọ́n sì pa àwọn tó kù tì. Kò dán tó The Matrix, ká má parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ orúkọ rẹ̀: ká jọ là. “Là” inú ìgbàlà ni etí mi gbọ́ níbẹ̀. Mo ti ní kí ọmọ náà wá wò ó nílé mi lọ́jọ́ Sátidé, kó mú ìyá rẹ̀ dání.