Ta Ni Ó Yẹ Kí Ó Gòkè? Àyẹ̀wò Ìpele Ẹ̀dá Ìtàn Nínú Eré Orí Tábìlì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òwe yìí máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá ń ronú lórí eré kan tí èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń ṣe ní Ìjẹ̀gùn nígbà ìsinmi. Nínú eré náà, ẹni tí kò lè pa ẹran kékeré lónìí lè di akọni tí ọfà kan ṣoṣo kò lè pa mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí ni pé: kí ni ó yẹ kí ènìyàn ṣe kí a tó sọ pé ó ti dàgbà?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé eré náà fún ẹ̀yin òbí àti olùkọ́ tí ẹ lè má mọ̀ ọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni Dungeons & Dragons. Gary Gygax àti Dave Arneson ni wọ́n gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974. Kì í ṣe eré orí fóònù. Ìwé, pẹ́ńsù àti dáìsì ni a fi ń ṣe é. Ẹnì kan ni yóò máa darí ìtàn. Àwa ń pè é ní apàlọ́. Ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú àwọn yòókù ni yóò mú ẹ̀dá ìtàn kan: jagunjagun, oṣó, àlùfáà tàbí olè. Ó dà bí àlọ́ tí à ń pa, àfi pé àwọn tí ń gbọ́ àlọ́ ni wọ́n ń pinnu ohun tí Ìjàpá yóò ṣe. A kò ní dáìsì olójú 20 tí ìwé náà bèèrè fún, nítorí náà a kọ nọ́ńbà 1 dé 20 sórí bébà, a ká wọn, a dà wọ́n sínú ife, a sì ń fà á bí ẹni tí ń fa ìbò.

Ohun tí ó mú eré yìí dùn jù ni ìpele. Nínú ìwé òfin tí ó jáde ní ọdún 2014, ẹ̀dá ìtàn ń bẹ̀rẹ̀ ní ìpele 1, ó sì lè dé ìpele 20. Máàkì ìrírí ni ó ń gbé e gòkè. Ó nílò máàkì 300 láti dé ìpele 2, máàkì 900 láti dé ìpele 3, àti 355,000 láti dé ìpele 20. Bí ó bá ti ń gòkè ni ẹ̀mí rẹ̀ ń le sí i. Oṣó tí ó bá dé ìpele 5 lè ju bọ́ọ̀lù iná tí yóò gba odindi yàrá kan. N kò ní purọ́, ayọ̀ ńlá ni ó jẹ́ láti pa nọ́ńbà àtijọ́ rẹ́ kí a sì kọ tuntun sí ipò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ibo ni máàkì náà ti ń wá? Láti ọ̀dọ̀ ọ̀tá tí a bá ṣẹ́gun ni. Ẹ̀dá kékeré búburú kan wà tí wọ́n ń pè ní goblin. Máàkì 50 ni ó wà lórí rẹ̀. Bí ẹni mẹ́rin bá jọ ń pín máàkì, wọ́n ní láti ṣẹ́gun goblin 24 kí gbogbo wọn tó lè dé ìpele 2. Ìṣirò yìí ni ó ba eré wa jẹ́.

Èmi ni apàlọ́ nígbà náà. Àbúrò mi ọkùnrin mú àlùfáà. Nígbà tí wọ́n dé ẹnubodè kan tí ẹ̀dá abàmì ń ṣọ́, àbúrò mi kí i, ó bi í léèrè ìdí tí inú fi ń bí i, ó sì bá a sọ̀rọ̀ títí tí ó fi ṣí ọ̀nà fún wọn. Kò sí ẹni tí ó farapa. Nígbà tí a parí, mo pín máàkì bí mo ṣe rò pé ìwé wí. Àwọn tí ó ti pa goblin ṣáájú gba tiwọn. Àbúrò mi wo bébà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ọ̀nà tí mo bá gbogbo wa ṣí kò ní máàkì ni?" N kò rí èsì fún un. Nígbà tí a tún pàdé, kò kí ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí ó yọjú, arúgbó tí ń ṣẹ́gi, ni ó ju òkò lù. Mo bínú sí i, ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà mo rí i pé èmi ni mo kọ́ ọ.

Láti ìgbà náà ni mo ti gbà pé ohun tí eré bá fún ní máàkì ni àwọn òṣèré yóò máa ṣe. Ìtàn eré náà fúnra rẹ̀ jẹ́rìí sí i. Nínú àwọn ìwé òfin àtijọ́, wúrà tí ènìyàn bá gbé jáde láti inú ihò ilẹ̀ ni ó ń mú èyí tí ó pọ̀ jù nínú máàkì wá. Ti ọ̀tá pípa kéré. Nítorí náà, ọlọ́gbọ́n òṣèré a máa yẹra fún ìjà, a sì máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú. Ẹ̀dá ìtàn kan náà ni, ihò ilẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n nígbà tí máàkì yí padà, ìwà yí padà.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ń dà mí láàmú, mo tún gbé ìwé D. O. Fágúnwà kà, Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní ọdún 1938, ọdún 36 ṣáájú Dungeons & Dragons. Ẹ wo àwọn tí wọ́n bá Àkàrà-ògùn lọ sí Òkè Láńgbòdó: Kàkó ni alágbára, Ìmọ̀dóye ni ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ni olórin. Bí ẹgbẹ́ tí a máa ń kó jọ sí ìdí tábìlì gan-an ni wọ́n rí. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí Àkàrà-ògùn gbà dàgbà yàtọ̀. Nígbà tí ó bá Àgbákò pàdé, agbára rẹ̀ nìkan kò tó. Obìnrin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Ìrànlọ́wọ́ ni ó wá ràn án lọ́wọ́. Nígbà tí ó ń dá lọ sínú igbó, ìyà jẹ ẹ́ púpọ̀. Ìgbà tí ọba rán an ni ó kó akẹgbẹ́ jọ. Nígbà tí wọ́n sì dé Láńgbòdó, ìjà kọ́ ni ó gba àkókò wọn níbẹ̀: ọjọ́ méje ni wọ́n fi gbọ́ ẹ̀kọ́ lẹ́nu Ìrágbèjé. Bí a bá fi òfin goblin wọn ọjọ́ méje yẹn, òdo ni wọn yóò gbà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ náà ni èrè tí òǹkàwé ń bá kúrò níbẹ̀.

Àwọn eré mìíràn ti gbìyànjú ọ̀nà tí ó sàn. Nínú RuneQuest, tí ó jáde ní ọdún 1978, kò sí ìpele rárá. Iṣẹ́ tí ènìyàn bá ṣe ni ọwọ́ rẹ̀ lè mọ́ sí i, bí ó bá sì ti mọ̀ ọ́n tó ni ó ń ṣòro tó láti tún mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú Dungeon World, tí ó ń lo dáìsì méjì bíi ti lúdò, ẹni tí dáìsì bá já kulẹ̀ ni ó ń gba máàkì, nítorí pé àṣìṣe náà jẹ́ ẹ̀kọ́. Dungeons & Dragons pàápàá gba apàlọ́ láàyè láti má ka máàkì, kí ó gbé gbogbo ẹgbẹ́ gòkè nígbà tí wọ́n bá parí ohun pàtàkì kan. Ara ẹ̀bi náà jẹ́ tèmi tí n kò ka ìwé náà dé ibẹ̀.

Àwa náà tún òfin wa ṣe. Bí a bá ti parí eré, a ń bi ara wa ní ìbéèrè mẹ́ta: Kí ni a mọ̀ tí a kò mọ̀ tẹ́lẹ̀? Ta ni a ràn lọ́wọ́, tàbí ta ni ó ràn wá lọ́wọ́? Àṣìṣe wo ni ó kọ́ wa lọ́gbọ́n? Bẹ́ẹ̀ ni kan, máàkì kan. Gbogbo ẹgbẹ́ ni ó sì ń gòkè pọ̀, nítorí pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òfin yìí ní àbùkù tirẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan bẹ̀rẹ̀ sí í mọ̀ọ́mọ̀ ṣe àṣìṣe kí ó lè gba máàkì, òmíràn sì ń ran ẹni tí kò bèèrè ìrànlọ́wọ́ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n àbúrò mi padà sí ìwà rẹ̀ àtijọ́, ó tún ń kí ènìyàn kí ó tó sọ̀rọ̀.

N kò sọ pé kí a ju ìpele nù. Fágúnwà kò nílò nọ́ńbà, nítorí pé òun nìkan ni ó ń sọ ìtàn. Àkàrà-ògùn pàápàá kò bẹ̀rẹ̀ láti òdo; ọmọ ọdẹ ni, ó sì ní oògùn. Ọmọ ọdún 11 tí ó jókòó sí ìdí tábìlì nílò ohun tí yóò rí kí ó lè mọ̀ pé òun ń tẹ̀síwájú. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ń ṣe òfin eré gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀ pé irú ènìyàn wo ni òun fẹ́ kí akọni òun dà, kí ó tó pinnu ohun tí òun yóò fún ní máàkì.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí, àwa náà ní ìpele tiwa. Ẹ̀yin ni ẹ ń fún wa ní máàkì, tí ẹ sì ń bi wá léèrè ipò tí a gbà ní kíláàsì. Mo dúpẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, ọmọ kan wà ní kíláàsì tí ó jókòó ti ẹlòmíràn títí tí ìṣirò fi yé e. Ó ti bá ẹnì kan ṣí ọ̀nà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa wá ibi tí a ó kọ máàkì tirẹ̀ sí.