Irinṣẹ́ Kọ̀ǹpútà fún Ìwádìí Ojú-Ọjọ́ Àtijọ́ àti Ẹ̀rí Ẹnu Àgbà: Lámèyítọ́ láti Ẹ̀júkù

Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Iṣẹ́ àwọn onímọ̀ tí ń ṣe ìwádìí ojú-ọjọ́ àtijọ́ jọ ti àgbà inú òwe yìí. Nítorí pé ohun èlò tí a fi ń wọn òjò kò tíì pẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún, òrùka inú igi, iyùn inú òkun àti yìnyín ni wọ́n ti ń wá ẹ̀rí ohun tó ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn. Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni láti ṣe lámèyítọ́ irinṣẹ́ méjì tí wọ́n ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ìyẹn LiPD àti Pyleoclim, kí a sì wò ó bóyá ìlú bí Ẹ̀júkù, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Yàgbà, Ìpínlẹ̀ Kogí, lè rí àyè nínú wọn.

Iṣẹ́ tí àwọn irinṣẹ́ náà ń ṣe

Ní ọdún 2016 ni Nick McKay àti Julien Emile-Geay gbé LiPD jáde. Kó tó di ìgbà náà, bó ṣe wu kálukú ló ń to dátà tirẹ̀. Ẹnìkan a máa ka ọdún láti ìgbà ìbí Jésù, ẹlòmíràn a máa kà á sẹ́yìn láti 1950. LiPD wá fi àtòpọ̀ kan lélẹ̀ tí ó gba ibi tí a ti rí ẹ̀rí, irú ẹ̀rí tí ó jẹ́, òǹkà tí a rí nínú rẹ̀ àti ọ̀nà tí a fi mọ ọjọ́-orí rẹ̀. Pyleoclim, tí Deborah Khider àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣàlàyé rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan ní 2022, ni ó ń ṣe ìtúpalẹ̀ irú dátà bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ohun tí ó yẹ kí a yìn jù lọ nínú wọn ni bí wọ́n ṣe gbà pé ènìyàn lè ṣì. Kò rọrùn láti fi gbogbo ẹnu sọ pé ọdún báyìí gan-an ni ìpele ẹrẹ̀ kan bọ́ sí. Nítorí náà, irinṣẹ́ náà lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọjọ́-orí tí ó ṣeé ṣe fún ìpele kan ṣoṣo, kí ó sì tún ìṣirò ṣe lórí gbogbo wọn. Kókó yìí ni a ó padà sí láìpẹ́.

Ibi tí ó kù sí

Ní 2013, ẹgbẹ́ PAGES 2k ṣe àtúntò ìgbóná-òun-ìtutù ayé fún nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn ní agbègbè méje. Áfíríkà kò sí nínú wọn, nítorí pé ẹ̀rí tó wà níbẹ̀ kò tó. Àkójọ wọn ti 2017 ní ẹ̀rí 692 láti ibi 648. Igi, iyùn, yìnyín, ẹrẹ̀ adágún, ẹrẹ̀ òkun, òkúta inú ihò àpáta, títí dé àkọsílẹ̀ ọwọ́, gbogbo wọn ló rí àyè níbẹ̀. Ẹ̀rí ẹnu kò sí lára orúkọ tí wọ́n tò.

Ẹ̀rí tó lókìkí jù lọ ní ìhà ọ̀dọ̀ wa ni ti adágún Bosumtwi ní ilẹ̀ Ghana. Ní 2009, Timothy Shanahan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹrẹ̀ ibẹ̀ hàn wá pé ọ̀dá tó gùn ju ti ayé òde òní lọ ti ṣẹlẹ̀ rí, pàápàá láti nǹkan bí 1400 sí 1750. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n Bosumtwi ju 600 kìlómítà lọ sí Ẹ̀júkù. Adágún kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí fún gbogbo oko, bẹ́ẹ̀ ni irinṣẹ́ kò lè sọ ohun tí a kò fi sí i lẹ́nu.

Ṣé ẹ̀rí ẹnu lè wọlé?

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní òǹkà, kò sì ní ọdún pàtó. Ti òǹkà ti ní ìdáhùn. Ní 2012, Sharon Nicholson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àtúntò òjò Áfíríkà fún 1801 sí 1900. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí agbègbè 90, wọ́n sì sọ ohun tó wà nínú àkọsílẹ̀ di òǹkà, láti -3 fún ọ̀dá líle dé +3 fún òjò àpọ̀jù. Bí ọ̀rọ̀ inú ìwé bá lè di òǹkà, ọ̀rọ̀ ẹnu náà lè dà á.

Ní ti ọdún, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ. Bí alàgbà kan ní Ẹ̀júkù bá sọ pé odò kan gbẹ lẹ́yìn tí Bídá ṣubú, ṣùgbọ́n kí àjàkálẹ̀-àrùn ọdún 1918 tó dé, àárín 1897 sí 1918 ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Àlàfo ọdún 21 nìyẹn. Irinṣẹ́ tí ó ń fara da àìdánilójú ẹrẹ̀ kò ní àwáwí láti kọ ti alàgbà.

Síbẹ̀, ìṣọ́ra ṣe pàtàkì. Ogun Nupe da ilẹ̀ Okun láàmú gidigidi ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ìyàn tí wọ́n ń ròyìn nígbà náà lè jẹ́ nítorí pé wọn kò lè lọ sóko, kì í ṣe nítorí pé òjò kò rọ̀. Ẹni tí ó bá kọ irú ìyàn bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ bí ọ̀dá, irọ́ ni ó fi kọ̀ǹpútà pa. Olùwádìí ní láti béèrè odò tó gbẹ, irè oko tó kú àti ọba tó wà lórí oyè, kí ó sì fi ti ìdílé mìíràn tàbí ti Ìsánlú wé e. Bákan náà, ìrántí a máa mú ọdún líle dání, a sì máa gbàgbé ọdún tó tuba tùṣẹ. A kò lè tipa bẹ́ẹ̀ mọ àyípadà tó ń yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀.

Àléébù tí a rí lára àtòpọ̀ náà ni pé abẹ́ àkọsílẹ̀ ni ènìyàn yóò fẹ́ fi irú ẹ̀rí yìí sí. Èyí yóò bo ẹni tó sọ ọ́ àti iye ìran tí ọ̀rọ̀ náà ti gbà kọjá mọ́lẹ̀. Orúkọ tirẹ̀ ló yẹ ẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Irinṣẹ́ wọ̀nyí dára, a sì lè lò wọ́n. Àṣìṣe wọn kéré sí ti àwa tí a kò tíì kó ẹ̀rí tiwa jọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń ṣe iṣẹ́ àpilẹ̀kọ lè bẹ̀rẹ̀ láti ìlú wọn, kí wọ́n gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀, kí wọ́n sì kọ ibi, àlàfo ọdún àti orísun ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún lè dúró de olùwádìí fún 1,000 ọdún. Àwọn àgbà Ẹ̀júkù kò lè dúró bẹ́ẹ̀.