Kí Ni Ìlù Yẹn Ń Wí?

Oṣù méjì gbáko ni mo fi tún orin géèmù kan tò nínú yàrá kan ní Èbúté Èrò. Orin Tetris ni, èyí tí ẹnikẹ́ni tí ó bá ti di Game Boy mú rí yóò dá mọ̀ kí ohùn kẹrin tó dún. Mo fi dùùrù sí i, mo fi fèrè sí i, mo sì wá fi gángan lé gbogbo rẹ̀ lórí. Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí a jọ ń ṣe irú iṣẹ́ yìí láti orílẹ̀-èdè púpọ̀, àwọn tí a kò fojú kan ara wa rí. Inú wọn dùn. Ẹnì kan ní òun gbọ́ Áfíríkà nínú rẹ̀. Òmíràn ní gángan yẹn gan-an ni ó jí orin náà. Mo ka ọ̀rọ̀ ìyìn náà tán, mo tún un kà.

Ní ọjọ́ kẹta, mo gbé e fún bàbá onílù kan ládùúgbò wa gbọ́ láti inú fóònù mi. Ó tẹ́tí sí i dé ìparí láìsọ̀rọ̀. Ó ní, "Ó dùn, ọmọ mi. Kí ni ìlù yẹn ń wí?"

Mo ní, "Bàbá, kò wí nǹkan kan o. Orin lásán ni."

Ó ní, "Gángan tí kò wí nǹkan kan? Kí ni ẹ wá gbé e kọ́ èjìká fún?"

Ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ fi yẹ iṣẹ́ àwa tí a ń tún orin géèmù tò wò. Iṣẹ́ tèmi ni n ó sì kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí iṣẹ́ náà jẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Atúnorintò a máa mú orin tí ó wà nínú géèmù, a tú u palẹ̀ ní ohùn kọ̀ọ̀kan, a sì tún un tò fún ohun èlò mìíràn. Kò sí ẹni tí ń sanwó fún un. Ìfẹ́ ni a fi ń ṣe é, lẹ́yìn tí a bá ti ibi iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ dé. Ní Amẹ́ríkà, David Lloyd dá OverClocked ReMix sílẹ̀ ní 1999 fún irú àwọn èèyàn bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó fi máa di 2008, ilé-iṣẹ́ Capcom ti ilẹ̀ Japan fi iṣẹ́ ọwọ́ wọn sínú ẹ̀dà tuntun kan tí wọ́n ṣe fún Street Fighter. Àwọn adájọ́ ń bẹ níbẹ̀ tí ń yẹ iṣẹ́ wò kí wọ́n tó gbé e jáde, ìlànà wọn kò sì ṣòro láti lóye: orin náà kò gbọdọ̀ jọ ti àtilẹ̀wá tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi di àdàkọ, kò sì gbọdọ̀ jìnnà sí i tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi ní dá a mọ̀ mọ́. Ìlànà tó dára ni. Ṣùgbọ́n orin tí a mú nìkan ni ó ń sọ nípa rẹ̀. Kò sọ nǹkan nípa ohun tí a fi kún un.

Kí ló dé tí orin géèmù fi ń pe èèyàn láti fi nǹkan kún un? Ìdí rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ Nintendo tí Koji Kondo kọ orin Super Mario Bros. fún ní 1985 kò lè gbé ju ohùn márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Game Boy, mẹ́rin péré ni, ọ̀kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì jẹ́ ariwo ṣìì-ṣìì lásán tí wọ́n ń lò bí ìlù. Ẹni tí ó ń kọ orin fún irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò ní àyè àṣerégèé. Ó gbọ́dọ̀ kọ orin kúkúrú tí a óò gbọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún tí kò ní sú wa. Egungun ni ó fún wa, ó sì kù sí wa lọ́wọ́ láti wá ẹran fún un. Ní ilé géèmù tí ó wà ní ọ̀nà wa nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a kì í tilẹ̀ gbọ́ egungun náà tán, torí ariwo ọjà àti ti jẹnẹrétọ̀. Ohun tí a kò bá gbọ́, a ó fi ẹnu wa dí i. Mo rò pé ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ di atúnorintò.

Ṣùgbọ́n orin Tetris ní ìtàn tí ó ti wà kí ẹ̀rọ tó dé. Alexey Pajitnov ni ó ṣe géèmù náà ní Moscow ní 1984. Nígbà tí Nintendo gbé e sínú Game Boy ní 1989, Hirokazu Tanaka ni ó to orin rẹ̀. Òun náà kò sì dá orin tí gbogbo ayé mọ̀ yìí sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Orin ìbílẹ̀ Rọ́ṣíà kan tí wọ́n ń pè ní Korobeiniki ni ó mú, ọ̀rọ̀ orin náà sì wá láti inú ewì gígùn tí Nikolai Nekrasov kọ ní 1861. Àwọn akiri-ọjà ni ìtumọ̀ àkọlé yẹn: àwọn tí ń gbé àpótí ọjà káàkiri abúlé. Nínú orin náà, akiri-ọjà kan ń fọ́nnu pé àpótí òun kún fún aṣọ, òun àti ọmọbìnrin kan sì jọ ná ọjà náà nínú oko ọkà.

Mo ti parí iṣẹ́ mi kí n tó mọ èyí. Ó dùn mí. Aṣọ ni ìyá mi ń tà ní Èbúté Èrò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Orin akiri-aṣọ rin ìrìn àjò láti Rọ́ṣíà gba Japan dé èbúté wa, ibi tí èrò orí ọ̀sà ti ń sọ ẹrù kalẹ̀ láti ayébáyé, mo sì fi ìlù tí kò mọ orúkọ ọjà kankan pàdé rẹ̀.

Kì í ṣe pé Ìsàlẹ̀ Èkó àti agbègbè rẹ̀ kò mọ bí a ti ń gba orin àlejò. Ní Marina, Thomas Ekundayo Phillips ni olórí orin ní Cathedral Church of Christ láti 1914 sí 1962. Ó bá àwọn orin ìsìn níbẹ̀ tí wọ́n ti to ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orí orin Gẹ̀ẹ́sì láìbìkítà fún ohùn ọ̀rọ̀, tí ẹnu fi lè máa wí ọjà kí orin máa wí ọ̀já. Ó kọ orin tí ó tẹ̀lé ohùn èdè, ó sì ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé rẹ̀, Yoruba Music, ní 1953. Fẹlá Ṣówándé, tí ó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, gba ọ̀nà mìíràn. Nínú African Suite tí ó kọ ní 1944, ó mú orin Ephraim Amu ti Gáná, ó mú orin háíláìfù kan, ó sì tò wọ́n fún àwọn ohun èlò olókùn. Kò sí gángan níbẹ̀ tí yóò máa kígbe pé Áfíríkà rèé. Ní Olówógbówó ẹ̀wẹ̀, Túndé King, akọ̀wé tí ń ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́, mú bánjò tí ó ti òkè òkun wá, ó fi ohùn Yorùbá bá a sọ̀rọ̀, ó sì gbé àwo orin jùjú jáde lọ́dọ̀ Parlophone ní 1936. Ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀ síra wọn. Ohun tí ó pa wọ́n pọ̀ ni pé ẹni tí ó mú ohun èlò dání mọ ohun tí ó fẹ́ kí ó wí.

Èmi kò mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo ṣe nìyí: gángan tí ẹlòmíràn ti lù sílẹ̀ ni mo rí nínú kọ̀ǹpútà, mo gé e wẹ́wẹ́, mo sì to èyí tí ó bá ìwọ̀n ẹsẹ̀ orin mu. Ọ̀rọ̀ tí onílù yẹn ń sọ tẹ́lẹ̀ di àfọ́kù lọ́wọ́ mi. Bàbá onílù ní ńṣe ni ó dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Mo tún máa ń rò ó bí ẹni tí kò mọ̀wé tí ó ya lẹ́tà mèremère sára ògiri. Ẹni tí kò mọ̀wé yóò yìn ín. Ẹni tí ó mọ̀wé yóò dúró, yóò gbìyànjú láti kà á, yóò sì kọjá lọ pẹ̀lú ìdààmú.

Ẹnì kan nínú wa sọ fún mi pé mo ń le koko jù. Ó ní ariwo dídùn ni ìlù jẹ́ fún ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ohun tí ó bàjẹ́. Mo gbà pé kì í ṣe gbogbo ìlù ni ó ń sọ̀rọ̀. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ kò wí ju ẹsẹ̀ orin lọ, ẹnikẹ́ni kò sì bi í léèrè. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí fèrè inú iṣẹ́ mi kan náà. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí ó ń fun fèrè kọ̀wé sí mi pé n kò fi àyè mímí sílẹ̀, pé kò sí èèyàn ẹlẹ́mìí tí ó lè fun ohun tí mo kọ. Òótọ́ ni. Mo tún un ṣe lọ́jọ́ náà. A kì í gbà kí fèrè má mí. A kì í gbà kí dùùrù béèrè ìka mọ́kànlá. Kí ló wá dé tí gángan nìkan fi lè jẹ́ ohunkóhun? Ìyìn tí wọ́n fún un ni ìdáhùn: wọn kò retí nǹkan kan lọ́dọ̀ rẹ̀ ju pé kí ó wà níbẹ̀. Ẹ̀bi náà sì kọ́kọ́ jẹ́ tèmi, torí èmi ni mo gbé e fún wọn bẹ́ẹ̀.

Mo padà sí ìdí iṣẹ́. Mo kọ orin náà sórí ìwé, mo sì ń wo bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gòkè tí ó ń sọ̀. Ohùn mẹ́fà àkọ́kọ́ nìyí: òkè, ìsàlẹ̀, àárín, òkè, àárín, ìsàlẹ̀. Mo ń kùn ún lẹ́nu nídìí ìsọ̀ ìyá mi ní ọjọ́ Sátidé kan, bí àwọn oníbàárà ti ń yẹ aṣọ wò, ni ọ̀rọ̀ bá bọ́ sí mi lẹ́nu: Púpọ̀ ni, gbé e wò. Ẹ fi ẹnu wí i, kí ẹ sì fi orin náà wí i. Ohùn òkè kejì nínú orin kò ga tó àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe máa ń rí lẹ́nu wa bí gbólóhùn bá ti ń lọ sópin. Àti pé ohun tí akiri-ọjà Rọ́ṣíà ń wí níbẹ̀rẹ̀ orin rẹ̀ kò jìnnà sí i: àpótí kún, ẹ wá wò ó.

N kò fẹ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ ìyanu. Ìgbà díẹ̀ ni orin àlejò máa ń bá ohùn wa mu báyìí, èèṣì sì ni. Abala kejì orin náà kò gba ọ̀rọ̀ kankan tí mo gbìyànjú, nítorí náà mo jẹ́ kí ìlù dákẹ́ níbẹ̀. Ìlù kì í sì í wí ohun kan ṣoṣo. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó dúró tì wá ní "Wúrà ni, gbé e wò" ni òun gbọ́, kò sì jẹ̀bi, ohùn kan náà ni.

Bàbá onílù fúnra rẹ̀ ni ó lù ú, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ọjà ti ń tú. Ìró fèrè ọkọ̀ akérò kan wà nínú ohun tí mo gbà sílẹ̀, mo sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ní àléébù kan tí n kò lè fi pamọ́. Orin Tetris a máa yára, ìyára yẹn sì ni ó ń mú kí ọkàn ẹni máa lù kìkì. Ìlù kò lè sọ̀rọ̀ ketekete bí eré bá ti pọ̀ jù. Mo dín eré náà kù, ìpayà inú rẹ̀ sì dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ràn géèmù náà nítorí ìpayà yẹn yóò pàdánù nǹkan nínú ẹ̀dà mi kejì.

Nígbà tí mo fi ránṣẹ́, ìyìn rẹ̀ kò tó ìdajì ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìlù ti ṣọ̀wọ́n jù, wọ́n ní kí n dá èyí tó wà tẹ́lẹ̀ padà. Afunfèrè yẹn nìkan ni ó béèrè ohun tí gángan ń wí. Mo ṣàlàyé fún un, ó sì ní òun yóò tún un gbọ́. Mo yọ ẹ̀dà àkọ́kọ́ kúrò. Bí a bá ní kí n ṣe ìdájọ́ méjèèjì bí ẹni pé kì í ṣe èmi ni mo ni wọ́n, n ó ní èkíní dùn jù ú lọ ní ìgbọ́ àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èkejì nìkan ni mo lè gbé kalẹ̀ níwájú ẹni tí ó gbọ́ èdè ìlù tí ojú kò ní tì mí.

Mo gbé e fún ìyá mi gbọ́ nígbà tí a ń palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. N kò sọ nǹkan kan fún wọn ṣáájú. Aṣọ ni wọ́n ń ká, wọn kò wojú mi. Orin náà yí po lẹ́ẹ̀kan, ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, gángan tún wí tirẹ̀.

Wọ́n ní, "Èló ni?"